Ta ló ni ilé Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó?

Ìbéèrè òǹkàwé wa kan nìyí: “Ilé ẹbí wa wà ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, ní Erékùṣù Èkó. Láti ìgbà tí bàbá wa ti kú ni ọ̀rọ̀ ilé náà ti ń dá ìjà sílẹ̀. Bọ̀dá wa kan ní ilé kì í ṣe tiwa, torí orúkọ Òṣòdì ló wà lórí ìwé àtijọ́. Àǹtí wa ní Ẹ̀pẹ́ la ti wá, pé a kì í ṣe ará Èkó. Bàbá àgbà tó kù ní agbolé sì ní ọmọ Èkó pọ́nbélé ni wá. Èwo ló jẹ́ òótọ́ nínú rẹ̀, báwo la sì ṣe lè wádìí rẹ̀?”

Ẹ kú ọ̀rọ̀ ẹbí. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí ẹni tó purọ́. Àǹtí yín tọ̀nà pé láti Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ti kó wá síbi tẹ́ ẹ wà yìí. Bàbá àgbà náà tọ̀nà, torí Èkó làwọn tó tẹ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó dó ti kọ́kọ́ sá lọ sí Ẹ̀pẹ́. Bọ̀dá yín rí orúkọ tó rí lórí ìwé lóòótọ́, àmọ́ ó tú u sódì. Orúkọ Òṣòdì tó wà níbẹ̀ jẹ́ orúkọ olórí tó kó àwọn èèyàn bọ̀ wálé. Kò túmọ̀ sí pé òun nìkan ló ni gbogbo ilẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìtàn ilé kan ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, ẹni tó kọ́kọ́ gbé ibẹ̀ ni kó kọ́kọ́ wá, kó tó máa wá ẹni tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sórí ìwé.

Ìjà oyè ló bí àdúgbò yín. Nígbà tí Ọba Olúwọlé wàjà ní 1841, Akítóyè ni wọ́n fi jẹ. Kòsọ́kọ́, ọmọ Ọba Òṣìnlókun, tí Akítóyè jẹ́ àbúrò bàbá rẹ̀, wà ní ìgbèkùn ní Ouidah nígbà náà. Akítóyè ní kí wọ́n pè é padà. Ẹlẹ́tù Òdìbò, tó jẹ́ olórí àwọn afọbajẹ, kìlọ̀ fún un títí, torí ìjà àtijọ́ wà láàárín òun àti Kòsọ́kọ́, ọba kò gbọ́. Ní oṣù Agẹmọ 1845 ogun bẹ́ nínú ìlú, èyí tí wọ́n ń pè ní Ogun Olómirò. Wọ́n dó ti ààfin fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Kòsọ́kọ́ ṣẹ́gun, ó gorí ìtẹ́. Akítóyè jáde nílùú, ó sì wá fìdí kalẹ̀ sí Àgbádárìgì.

Balógun tó ṣáájú ogun náà fún Kòsọ́kọ́ ni Òṣòdì Tápà. Ẹ fara balẹ̀ wo ọkùnrin yìí dáadáa, torí ọ̀rọ̀ ilé yín so mọ́ ọn. Ọmọ Tápà ni, kì í ṣe ọmọ bíbí Èkó. Kékeré ló wọ ilé Òṣìnlókun gẹ́gẹ́ bí ẹrú, níbẹ̀ ló dàgbà sí, ó mọ òwò, ó mọ ogun, ó sì di ẹni tí Kòsọ́kọ́ kò lè dá nǹkan ńlá ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn àgbà Èkó ṣì ń sọ pé òun ló yọ̀ǹda ọ̀nà fún Akítóyè láti sá là nígbà Ogun Olómirò, tó ní àwọn kò gbọ́dọ̀ pa ọmọ ọba. Ẹ rántí èyí nígbà tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ẹrú àti ọmọ yọ yín lẹ́nu.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó wà létíkun fẹ́ kí òwò ẹrú dópin, wọ́n sì fẹ́ kí òwò epo pupa rọ́nà lọ. Wọ́n gbè sẹ́yìn Akítóyè. Ọkọ̀ ogun wọn kọ́kọ́ wọ ọ̀sà ní ọjọ́ 25 oṣù Bélú 1851, àwọn ọmọ ogun Kòsọ́kọ́ lé wọn padà. Ní ọjọ́ 26 oṣù Ọ̀pẹ, wọ́n tún dé pẹ̀lú agbára tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àgbá ń dún, iná ń jó apá kan ìlú. Kí ọdún tó yí, Kòsọ́kọ́, Òṣòdì àti ọ̀pọ̀ èèyàn wọn ti wọ ọkọ̀ ojú omi, wọ́n gba ọ̀sà lọ sí ìhà ìlà-oòrùn. Ní ọjọ́ 1 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1852, Akítóyè tọwọ́ bọ̀wé pé òwò ẹrú ti dópin l’Ékòó.

Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n dó sí, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, Awùjalẹ̀ sì gbà wọ́n láyè. Wọ́n lò ju ọdún mẹ́wàá lọ níbẹ̀. Àwọn tó jẹ́ ọmọdé nígbà tí wọ́n kúrò l’Ékòó di géńdé, wọ́n gbéyàwó, wọ́n bímọ. Ìdí nìyẹn tí àdúgbò Èkó-Ẹ̀pẹ́ fi wà ní Ẹ̀pẹ́ títí di òní, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́. Ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ní ìbátan níbẹ̀. Ní 1853 Kòsọ́kọ́ tún gbógun wá sí Èkó, kò rí i gbà. Akítóyè kú lọ́dún náà, Dòsùnmú ọmọ rẹ̀ jọba. Ní ọjọ́ 28 oṣù Ọ̀wẹwẹ 1854, Kòsọ́kọ́ àti aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, Benjamin Campbell, ṣàdéhùn ní Ẹ̀pẹ́: Kòsọ́kọ́ kò ní dá Èkó láàmú mọ́, wọ́n sì gbà pé èbúté Palma jẹ́ tirẹ̀. Ní ọjọ́ 6 oṣù Ògún 1861 Dòsùnmú tọwọ́ bọ̀wé tó sọ Èkó di ti Gẹ̀ẹ́sì. Ìgbà tó di 1862, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbà kí Kòsọ́kọ́ padà wálé, wọ́n sì ń san £400 fún un lọ́dọọdún. Òṣòdì Tápà bá a bọ̀, ogunlọ́gọ̀ èèyàn sì tẹ̀ lé wọn. Gbogbo wọn kọ́ ló bọ̀ o. Àwọn kan dúró sí Ẹ̀pẹ́ pẹ̀lú Poṣú, ọ̀kan nínú àwọn olórí ogun Kòsọ́kọ́, ọ̀rọ̀ ọ̀hún sì di ìjà láàárín wọn àti ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ní 1863.

Ibi tí àlàyé àdúgbò ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Èkó tí wọ́n fi sílẹ̀ ní 1851 kọ́ ni wọ́n bá. Ìsàlẹ̀ Èkó wà lọ́wọ́ Dòsùnmú àti àwọn tó gbè sẹ́yìn bàbá rẹ̀. Àwọn Sàró, tó ti Sierra Leone dé, ti kún Ọlọ́wọ̀gbówó ní ìhà ìwọ̀-oòrùn. Àwọn Àgùdà, tó ti Brazil àti Cuba dé, ti ń kọ́lé sí Pópó Àgùdà. Àwọn oníṣòwò òyìnbó ti gba etí omi ní Marina. Níbo lèèyàn á wá kó ọ̀pọ̀ ìdílé tó ń bọ̀ láti ìgbèkùn sí, tí wọn kò sì ní bá àwọn ọ̀tá àtijọ́ wọn jà lójoojúmọ́? Ìhà ìlà-oòrùn ìlú ni wọ́n fún wọn, ẹ̀gbẹ́ Òkè Pópó àti Láfíàjí, níbi tí ilẹ̀ ṣì ṣí sílẹ̀. Wọ́n pín in sí agbolé 21, tí àwọn ará ibẹ̀ tún ń pè ní kọ́ọ̀tù. Òṣòdì fi àwọn olórí ogun àti àwọn àgbà inú èèyàn rẹ̀ sí orí àwọn agbolé náà, olúkúlùkù pẹ̀lú ìyàwó, ọmọ, ìbátan àti àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àdúgbò ní Èkó tí ìdílé kan tàbí méjì dá tẹ̀dó pọ̀. Ti Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó yàtọ̀: ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan, lódindi, ló tẹ̀ ẹ́ dó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Títí dòní, tẹ́ ẹ bá wọ Òpópónà Òṣòdì tàbí ti Tápà, ẹ máa rí i pé ẹnu ọ̀nà agbolé kì í fẹ̀, inú rẹ̀ ló máa ń gbòòrò: ojúlé yí àgbàlá kan ká, omi kànga kò sì jìn torí omi ọ̀sà wà nítòsí. Àdúgbò yìí náà ni MKO Abíọ́lá ti kéde ara rẹ̀ ní ààrẹ ní ọjọ́ 11 oṣù Òkúdu 1994.

Ẹ jẹ́ ká wá dé orí ìwé. Ní àwọn ọdún 1860, lábẹ́ John Glover, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó, àti àwọn tó ṣáájú rẹ̀, ìjọba ń fún àwọn tó ń gbé ilẹ̀ l’Ékòó ní ìwé tí wọ́n ń pè ní Crown Grant. Ilé kọ̀ọ̀kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ní Pópó Àgùdà, ní Ọlọ́wọ̀gbówó, àwọn onílé wọn gba tiwọn lórúkọ ara wọn. Ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, orúkọ Òṣòdì ni wọ́n kọ sórí ìwé agbolé 21 náà. Lójú akọ̀wé òyìnbó, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ló ni ilẹ̀, ó lè tà á lọ́la. Lójú àwọn tó ń gbé agbolé, Òṣòdì ni olórí, òun ló ń fọhùn fún wọn níwájú ìjọba, olúkúlùkù sì ni ojúlé tirẹ̀. Èrò méjèèjì wà lórí ìwé kan náà. Òṣòdì kú ní 1868. Níwọ̀n ìgbà tí òun àti àwọn tó mọ àdéhùn ṣì wà láyé, kò sí wàhálà. Ìgbà tí ọmọ-ọmọ dé, tí ilẹ̀ Erékùṣù gbówó lórí, tí ìjọba ń gba ilẹ̀ tó sì ń san owó gbà-má-bínú, ni ìjà dé. Ta ni kó gba owó náà? Ẹni tó jẹ oyè Òṣòdì ni, àbí ẹni tí wọ́n wó ilé lé lórí?

Ẹjọ́ láàárín oyè Òṣòdì àti àwọn ará agbolé dé Privy Council ní London, ilé ẹjọ́ tó ga jù fún àwọn ìlú tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, lẹ́ẹ̀kan ní 1930, lẹ́ẹ̀kan sí i ní 1936. Kí wọ́n tó dé ọ̀hún, Privy Council ti dá ẹjọ́ olóyè Olúwa lórí ilẹ̀ Àpápá ní 1921, èyí tí Herbert Macaulay bá wọn lọ sí London fún, wọ́n sì sọ pé ìwé tí Dòsùnmú fọwọ́ sí ní 1861 kò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ni ín. Ìdájọ́ yẹn ràn yín lọ́wọ́ ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ, torí ó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé bí èèyàn ṣe ń lo ilẹ̀ nípa àṣà ìlú ṣe pàtàkì níwájú òfin. Ìjọba wá yan Sir Mervyn Tew láti yẹ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Èkó wò, ó sì kọ ìròyìn rẹ̀ ní 1939. Láti inú ìròyìn yẹn ni òfin mélòó kan ti jáde ní 1947. Ọ̀kan wà fún Crown Grant lápapọ̀, ọ̀kan fún àwọn arọ́tà (a máa ṣàlàyé wọn nísàlẹ̀), ọ̀kan fún àwọn tí Glover fún nílẹ̀ ní Èbúté Mẹ́tà, ọ̀kan sì wà fún Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó nìkan. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni kí lọ́yà yín kọ́kọ́ wá jáde. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é ni pé orúkọ Òṣòdì lórí ìwé àti ẹ̀tọ́ àwọn tó ń gbé inú agbolé kò bára mu, ó sì yẹ kí wọ́n yanjú rẹ̀. Ẹni tó bá ń fi Crown Grant nìkan lérí fún yín, tí kò mẹ́nu ba òfin 1947, ìdajì ọ̀rọ̀ ló ń sọ.

Ọ̀rọ̀ arọ́tà máa ń dun àwọn èèyàn, ó sì yẹ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Arọ́tà ni ẹni tó wọ ilé olóyè gẹ́gẹ́ bí ẹrú tàbí ọmọ ọ̀dọ̀, tó dúró síbẹ̀, tí wọ́n fún ní yàrá tàbí ojúlé, tó bímọ síbẹ̀. Wọ́n pọ̀ ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, bí wọ́n ṣe pọ̀ ní ilé gbogbo olóyè Èkó láyé ìgbà náà. Ọ̀pọ̀ ìdílé ti bo ọ̀rọ̀ yìí mọ́lẹ̀ débi pé ìtàn wọn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ mọ́: wọ́n á ní ọmọ ọba ni babańlá àwọn, ìwé á sì sọ nǹkan mìíràn ní kóòtù. Òfin 1947 dìídì mẹ́nu ba arọ́tà kí ẹ̀tọ́ wọn má bàa sọnù ni. Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá rí i pé bí babańlá yín ṣe wọ agbolé nìyẹn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òtítọ́ yẹn lè jẹ́ ohun tó máa gba ilé yín là.

Báwo lẹ ṣe máa wádìí? Ẹnu àgbà lẹ máa ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má tí ì lọ sí ọ́fíìsì ìwé ilẹ̀ ìjọba ní Aláùsá. Ẹ bi àwọn àgbà lọ́kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe lójú ara wọn, torí tí àgbà kan bá ti sọ̀rọ̀, ìyókù á kàn máa gbè é ni. Ẹ má gbàgbé àwọn ìyá àgbà, àti àwọn tó fẹ́ ọkọ wọ inú agbolé. Wọ́n mọ ẹni tó ń gba owó ilé lọ́wọ́ ta ni, ẹni tí wọ́n sin síbo, àti ìgbà tí wọ́n mọ ògiri wo. Nǹkan mẹ́rin pàtó lẹ fẹ́ gbọ́: orúkọ agbolé, orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ gbé ojúlé yín, ohun tí ẹni yẹn jẹ́ sí olórí agbolé (ọmọ, àna, ọmọ ogun, arọ́tà, àlejò), àti ẹni tó jogún rẹ̀ tẹ̀ lé ara wọn títí dé orí bàbá yín. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ ka ìran. Láti 1862 dé òní lé ní ọgọ́jọ ọdún, tẹ́ ẹ bá fi bí ọgbọ̀n ọdún fún ìran kan, ó yẹ kẹ́ ẹ rí ìran márùn-ún sí mẹ́fà. Tí orúkọ tí wọ́n kà bá jẹ́ mẹ́ta péré, wọ́n ti fo àwọn kan. Ẹni tí wọ́n sì máa ń fò jù ni obìnrin tó di ilé mú nígbà tí àwọn ọkùnrin wà lẹ́yìn odi.

Ẹ wá kó ìwé tó wà nínú ilé jọ: rìsíìtì owó omi àti ti káńsù, ìwé ìsìnkú, àdéhùn ayálégbé, lẹ́tà lọ́yà àtijọ́, ọ̀rọ̀ tó wà lára sàréè tó wà nínú àgbàlá. Rìsíìtì owó ilé tí wọ́n kọ orúkọ bàbá àgbà yín sí lọ́dún 1930 tàbí 1940 lágbára gan-an, torí ó fi hàn pé ìjọba fúnra rẹ̀ mọ̀ ọ́n sí onílé. Ẹ ya àwòrán gbogbo rẹ̀ kí ikán tó dé ibẹ̀.

Nígbà náà ni kẹ́ ẹ wá lọ sí Lands Registry ní Aláùsá, Ìkẹjà. Ìwé tí wọ́n bá ti fi sílẹ̀ níbẹ̀ ní nọ́ńbà mẹ́ta tó ń tọ́ka sí i: nọ́ńbà ìwé, nọ́ńbà ojú ewé, àti nọ́ńbà fọ́lúùmù. Tẹ́ ẹ bá ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìwádìí kò le. Tẹ́ ẹ kò bá ní in, ẹ wá a lára ìwé ilé tó bá yín pààlà, torí ìwé aládùúgbò sábà máa ń dárúkọ ẹni tó wà lápá ọ̀tún àti òsì rẹ̀. Ẹ̀dà tí ìjọba fi òǹtẹ̀ lù ni kẹ́ ẹ gbà jáde. Fọ́tòkọ́pì lásán kò níye lórí ní kóòtù, ọ̀pọ̀ fọ́tòkọ́pì Crown Grant tó ń kiri Erékùṣù náà sì jẹ́ ayédèrú. Ẹ ní kí sọ̀fíyọ̀ gbé àwòrán ilẹ̀ tó wà lára ìwé lé orí ilẹ̀ gan-an, kó wò ó bóyá ojúlé yín wà nínú rẹ̀ tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Ìwé agbolé kan lè kó ojúlé púpọ̀ sínú, kó sì má kan ti ẹ̀yìn ilé.

Orúkọ ló máa ń da ìwádìí rú jù lọ. Akọ̀wé òyìnbó ń kọ ohun tí etí rẹ̀ gbọ́. Docemo ni wọ́n ń kọ Dòsùnmú nínú ìwé ìjọba. Súnmọ́nù lè wà lábẹ́ Sumonu, Sunmonu tàbí Osumanu. Bàkárè lè jẹ́ Bakari tàbí Abubakar. Ẹ wá gbogbo rẹ̀. Ẹnì kan náà tún lè ní orúkọ mùsùlùmí lórí ìwé, kó jẹ́ pé orúkọ àbísọ nìkan ni ilé mọ̀ ọ́n sí, torí náà ẹ ní kí àwọn àgbà dárúkọ méjèèjì. Nọ́ńbà ilé náà kì í ṣe ohun téèyàn ń gbẹ́kẹ̀ lé, torí wọ́n máa ń yí i padà. Orúkọ òpópónà gan-an ń yí: Victoria Street àná ni Nnamdi Azikiwe òní. Ààlà àti orúkọ aládùúgbò ló dájú.

Tẹ́jọ́ bá ti wáyé rí lórí agbolé yín, ìwé ẹjọ́ ló kún jù, torí ibẹ̀ làwọn àgbà ayé ọjọ́un ti búra tí wọ́n sì ka ìran wọn jáde. Àmọ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé wọ́n dáná sun ilé ẹjọ́ gíga Igbóṣeré ní oṣù Ọ̀wàrà 2020, ìwé púpọ̀ sì bá a lọ. Ẹ bi àwọn ọ́fíìsì lọ́yà tó gba ẹjọ́ náà nígbà yẹn bóyá ẹ̀dà wà nínú fáìlì wọn, kẹ́ ẹ sì wo ibi ìkówèésí ìjọba àpapọ̀ tó wà nínú Yunifásítì Ìbàdàn, níbi tí ìwé ìjọba amúnisìn pọ̀ sí.

Lórí ẹni tó lè ta ilé, ọ̀rọ̀ kò gùn. Ilé tí babańlá fi sílẹ̀ fún ọmọ láìṣe ìwé ìhágún jẹ́ ilé ẹbí. Kóòtù Èkó ti sọ ọ́ láti ìgbà ẹjọ́ Lewis àti Bankole, ní nǹkan bí 1908, wọ́n sì tún gbà nínú ẹjọ́ yẹn pé obìnrin lè di olórí ẹbí tó bá jẹ́ òun ló dàgbà jù láàárín àwọn ọmọ tó kù. Ọmọ kan kò lè dá a tà. Títà tí olórí ẹbí kò sí níbẹ̀, kò sí títà níbẹ̀. Títà tí olórí ẹbí dá ṣe láìjẹ́ kí àwọn olórí ojúlé mọ̀, kóòtù lè fagi lé e tí wọ́n bá tètè kígbe. Tètè yẹn ṣe pàtàkì. Ìdílé tó bá ń wòran títí tí ẹni tó ra ilẹ̀ fi kọ́ ilé alájà mẹ́rin síbẹ̀ ti sọ ẹjọ́ ara rẹ̀ di líle.

Ẹ má pe ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ bọ̀dá yín títí ẹ̀dà tó ní òǹtẹ̀ yóò fi wà lọ́wọ́ yín. Tó bá ti wà lọ́wọ́ yín, ẹ kà á sókè níwájú gbogbo ojúlé, ẹ ka òfin 1947 tẹ̀ lé e, ẹ wá ka ìran tẹ́ ẹ kó jọ, kí ẹni tó bá fẹ́ ṣàtúnṣe ṣe é níbẹ̀. Ẹ kọ orúkọ àwọn tó wà níjokòó àti ọjọ́ sí i, kí gbogbo wọn fọwọ́ sí i, kí ojúlé kọ̀ọ̀kan sì mú ẹ̀dà kan lọ.